Egbò Àpòlúkù àti Bakitéríà Ẹnu-bodè: Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àyẹ̀wò àti Ìtọ́jú

1. Ìfáàrà

Bí aláìsàn bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé inú ń ta òun bí ẹni pé ata wà níbẹ̀, tí nọ́ọ̀sì sì dá a lóhùn pé ọgbẹ́ inú ni, ohun tí aláìsàn náà yóò ṣe nígbà tí ó bá délé wà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí. Lójú ọ̀pọ̀ Yorùbá, ebi ni í dá ọgbẹ́ sí ènìyàn nínú. Ẹni tí kì í jẹun lásìkò, tí ó ń gbààwẹ̀ ju bí agbára rẹ̀ ti mọ lọ, tàbí tí ìrònú pọ̀ fún, òun ni wọ́n gbà pé ó máa ń ṣe. Nítorí náà, onítọ̀hún yóò máa wá nǹkan jẹ ní kùtùkùtù, yóò sá fún ata, yóò sì máa mu òògùn funfun olómi tí ń pa ásíìdì. Ara yóò tù ú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé bakitéríà ni ó fa àìsàn náà, ibi tí ó wà ni yóò ṣì wà, nítorí pé kò sí ohun kan nínú orúkọ tí wọ́n pe àìsàn náà tí ó sọ fún un pé ohun ẹlẹ́mìí kan ń gbé inú òun.

Bakitéríà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni Helicobacter pylori. Ó sún mọ́ ìdajì àwọn ènìyàn ayé tí ó ń gbé e kiri, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Láti inú ara àwọn díẹ̀ ni egbò ti ń yọ, àwọn tí ó kéré sí èyí ni ó sì ń di jẹjẹrẹ fún. Ní 1994 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ti ka bakitéríà náà mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Kì í ṣe àìsàn tí ó yẹ kí àṣìlò ọ̀rọ̀ dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró.

Àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí èdè-ìperí Yorùbá kò kan ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wọn wí. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, ni wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà. Ní àkókò náà, ìmọ̀ ìṣègùn fúnra rẹ̀ kò tí ì gbà pé bakitéríà lè fi inú àpòlúkù ṣe ilé. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì rẹ̀ tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìlànà wọn wúlò fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣègùn ní ohun kan tí ọ̀rọ̀ gírámà kò ní. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ fún ‘atọ́kùn’ tàbí ‘ẹ̀yán’ gbọ́, máàkì ni yóò pàdánù. Bí aláìsàn bá ṣi ọ̀rọ̀ fún òògùn gbọ́, nǹkan mìíràn ni.

2. Bí wọ́n ṣe rí bakitéríà náà àti bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ

Ní 1979, Robin Warren, oníṣègùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwo ẹran ara aláìsàn nínú máíkírósíkóòpù, ní ìlú Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, rí àwọn bakitéríà tí ó tẹ̀ kọrọdọ lórí awọ inú àpòlúkù àwọn aláìsàn kan. Àwọn ojúgbà rẹ̀ kò kà á sí, nítorí pé ìgbàgbọ́ gbogbo oníṣègùn ni pé ásíìdì inú àpòlúkù kì í jẹ́ kí ohunkóhun bẹ́ẹ̀ yè. Barry Marshall dára pọ̀ mọ́ ọn ní 1981. Wọ́n gbìyànjú láti mú kí bakitéríà náà pọ̀ sí i nínú àwo, pàbó ni ó ń já sí, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni wọ́n máa ń da àwo nù. Ní àkókò ìsinmi Àjíǹde 1982, àwọn àwo kan pẹ́ nínú ẹ̀rọ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ padà dé, bakitéríà ti kún inú wọn. Ó lọ́ra láti dàgbà ju àwọn yòókù lọ ni.

(Níhìn-ín, atúmọ̀ èdè yóò bá ìṣòro kékeré kan pàdé. Ṣé wọ́n gbin bakitéríà ni, tàbí wọ́n sìn ín? Irúgbìn ni Yorùbá ń gbìn, ẹran ni wọ́n ń sìn, bakitéríà kì í sì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. ‘Sìn’ ni ó dára jù, nítorí pé ohun tí ènìyàn ń sìn ni ó ń bọ́, tí ó ń ṣọ́, tí ó sì ń retí kí ó bí sí i.)

Ní 1984, nígbà tí àwọn ènìyàn kò tí ì gbà wọ́n gbọ́, Marshall gbé omi tí bakitéríà náà wà nínú rẹ̀ mu. Wọ́n ti kọ́kọ́ wo inú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó dá ṣáká. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn. Nígbà tí wọ́n tún wo inú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá, awọ inú àpòlúkù rẹ̀ ti wú, ó sì ti pọ́n. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí ní Yorùbá sábà máa ń sọ pé ‘ó ní ọgbẹ́ inú’. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwúlé awọ àpòlúkù ni ó ní. Egbò kò tí ì yọ. Ìwúlé ni ìpele àkọ́kọ́, egbò lè tẹ̀ lé e, ó sì lè má tẹ̀ lé e. Èdè tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ìpele méjèèjì kò lè sọ ìtàn náà bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 2005 ni wọ́n fún Warren àti Marshall ní ẹ̀bùn Nobel.

Orúkọ bakitéríà náà kò dúró lójú kan. Campylobacter ni wọ́n kọ́kọ́ kà á mọ́, wọ́n sì fi pyloridis kún un. Ní 1987, wọ́n yí i sí pylori nítorí pé ìparí ọ̀rọ̀ náà kò bá gírámà Látìnì mu. Ní 1989, wọ́n rí i pé kì í tilẹ̀ ṣe ẹbí Campylobacter, wọ́n sì dá ìdílé tirẹ̀ sílẹ̀ fún un: Helicobacter, bakitéríà tí ó lọ́. Kí àwọn tí ń fi àtúnṣe ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ fi èyí sọ́kàn.

3. Inú, ikùn, àpòlúkù, àti ẹnu-bodè

‘Inú’ kò ṣeé lò fún ẹ̀yà ara kan pàtó. Inú ni ó ń dùn, inú ni ó ń bí ènìyàn, inú ni ó ń run obìnrin nígbà tí ó bá ń ṣe nǹkan oṣù, inú náà ni ó sì ń run ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà tí kò jinná. ‘Ikùn’ sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó wà láti abẹ́ àyà dé ìdí ni ó kó pọ̀, títí kan ibi tí ọmọ ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ka sí àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí láti ọ̀nà ọ̀fun ni ‘àpòlúkù’. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá kò mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ lè tún un fi sí wọn lẹ́nu ní ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí àpòlúkù ti ṣí sí ìfun ni orúkọ bakitéríà náà ti wá. Pylorus jẹ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni oníbodè. Ó ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ ìṣègùn mìíràn tí Yorùbá ti ní ìtumọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ tó báyìí. Oníbodè ayé àtijọ́ kì í jẹ́ kí gbogbo èrò ọjà rọ́ wọ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò dá wọn dúró, yóò gba owó bodè, yóò sì jẹ́ kí wọ́n máa wọlé ní méjì-mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ibi yìí ṣe ń jẹ́ kí oúnjẹ tí ó ti rọ̀ máa kọjá díẹ̀díẹ̀ sínú ìfun. Ìtòsí ibẹ̀ ni bakitéríà náà sì fẹ́ràn láti gbé. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pe bakitéríà náà ní ‘oníbodè’. Yorùbá mọ Oníbodè mìíràn, tí ó wà láàárín ayé àti ọ̀run, aláìsàn tí wọ́n bá sì sọ fún pé oníbodè wà nínú rẹ̀ lè má dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀. ‘Bakitéríà ẹnu-bodè’ kò ní wàhálà yìí. Òun ni ó yẹ ní kíláàsì àti ní ilé ìwòsàn. Kí Helicobacter pylori máa wà nínú ìwé àwọn onímọ̀.

Ìfun tí ó tẹ̀ lé ẹnu-bodè gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oní-Látìnì láti ara iye ìka méjìlá tí wọ́n fi wọn gígùn rẹ̀. Àwọn ará Jámánì tú u sí èdè wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sì sí ohun tí ó ní kí Yorùbá má ṣe ‘ìfun oníka-méjìlá’. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ egbò tí bakitéríà yìí ń fà ti ń yọ.

4. Ọgbẹ́ kọ́, egbò ni

Ohun mímú ni í dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lára. Ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́, ó gbọgbẹ́. Àdá bà á lẹ́sẹ̀, ó gbọgbẹ́. Bí ọgbẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ó fà á, ó sábà máa ń jinná fúnra rẹ̀. Egbò yàtọ̀. Egbò lè yọ láìsí pé ohunkóhun gé ènìyàn, ó ń jẹ ara lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń sàn ó sì ń padà, ìgbà tí wọ́n bá sì tọ́jú ohun tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni ó máa ń jinná pátápátá. Kò sí àní-àní pé egbò ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àpòlúkù. ‘Ọgbẹ́ inú’ ti wọ́pọ̀ lórí rédíò, kò sì ní ṣeé fà tu ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá lo ‘egbò àpòlúkù’ tí ó sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ méjèèjì ti kọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí ó tó dárúkọ bakitéríà.

Ó yẹ kí atúmọ̀ èdè ṣọ́ra kí ó má ba ti ẹ̀yìn yọ. Kì í ṣe gbogbo egbò àpòlúkù ni bakitéríà ń fà. Àwọn òògùn ara ríro bí aspirin àti ibuprofen, tí àwọn ènìyàn ń rà láìsí ìwé oníṣègùn, ń fà á pẹ̀lú. Nítorí náà, orúkọ egbò àti orúkọ bakitéríà gbọ́dọ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. ‘Egbò bakitéríà’, bí orúkọ fún gbogbo rẹ̀, yóò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ohun tí ó ń fa ìyókù.

5. Kòkòrò, aràn, bakitéríà

Ẹni tí ó bá fẹ́ sá fún ọ̀rọ̀ àyálò yóò sọ pé ‘kòkòrò inú’. Àbá yìí léwu. Lábẹ́ ‘kòkòrò’ ni tata, ìdun, èèrà àti ohun tí ojú kò lè rí wà. Bí kòkòrò bá sì wà ní inú, aràn ni ó máa ń wá sọ́kàn Yorùbá. Aláìsàn tí ó gbọ́ ‘kòkòrò inú’ yóò ra òògùn aràn, òògùn aràn kò sì ní ṣe bakitéríà ẹnu-bodè ní ohunkóhun. ‘Kòkòrò àìfojúrí’ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa bakitéríà pọ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ òògùn tí ń pa èkínní kì í pa èkejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ bá ti ń ṣi aláìsàn lọ́nà, àyálò ni ó yẹ. ‘Bakitéríà’ kò ní ìtàn kankan lẹ́yìn ní Yorùbá, àǹfààní rẹ̀ sì nìyẹn.

Irú ewu yìí kan náà ni ó wà nínú ‘òògùn apakòkòrò’ fún àwọn òògùn bí amoxicillin. Àgbẹ̀ ní apakòkòrò nílé, inú ìgò tí wọ́n ya orí òkú sí ni ó wà. ‘Òògùn apabakitéríà’ gùn ún lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi í fín kòkó.

6. Àwọn ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èkínní ni kí wọ́n ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti awò lórí bọ ọ̀nà ọ̀fun, kí wọ́n wo awọ àpòlúkù, kí wọ́n sì bu bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Okùn náà lè jẹ́ ‘awò-inú’, ohun tí wọ́n bù sì lè jẹ́ ‘àbùyẹ̀wò’. Ìkejì ni àyẹ̀wò ìgbẹ́, tí kò nílò àlàyé. Ìkẹta àti ìkẹrin ni ó nílò ìfarabalẹ̀.

Àyẹ̀wò èémí dá lórí ọgbọ́n tí bakitéríà náà fi ń yè nínú ásíìdì. Ó ní ẹ́ńsáìmù kan tí ń fọ́ yúríà, èròjà tí ó wà nínú ìtọ̀, sí àmóníà àti gáàsì kábọ́nì olóksíjìn-méjì. Àmóníà ni ó ń rùn nínú ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì ń pa ásíìdì lára bí káún ti í pa kíkan. Bayìí ni bakitéríà náà ṣe ń rọ́nà gbé níbi tí kò yẹ kí ohun ẹlẹ́mìí gbé. Wọn yóò fún aláìsàn tí kò tí ì jẹun ní yúríà tí kábọ́nì inú rẹ̀ ní àmì mu. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò fẹ́ èémí sínú àpò. Bí bakitéríà bá wà, kábọ́nì alámì náà yóò bá èémí jáde. Nítorí pé ‘àyẹ̀wò èémí’ lè mú kí aláìsàn rò pé ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ó dára kí àkọlé ìwé rẹ̀ jẹ́ ‘àyẹ̀wò bakitéríà àpòlúkù láti inú èémí’.

Ìkẹrin ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń wá àwọn èròjà tí ara fi ń bá bakitéríà jà. Níhìn-ín ni gírámà Yorùbá ti ṣe ìrànlọ́wọ́. Àwọn ọmọ-ogun ara wọ̀nyí kì í tètè tú ká lẹ́yìn tí ọ̀tá ti lọ. Nítorí náà, ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́rìí sí ni pé bakitéríà náà ‘ti wọ inú rẹ̀ rí’. Kò lè jẹ́rìí pé ó ‘wà nínú rẹ̀’ báyìí, kò sì ṣeé fi mọ̀ bóyá ìtọ́jú ti ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò èémí àti ti ìgbẹ́ ni ó lè sọ ‘ó wà’ tàbí ‘kò sí’. ‘Ti … rí’ àti ‘wà’ tó láti ya àyẹ̀wò méjèèjì sọ́tọ̀; ìwé èsì tí ó bá kọ ‘wọ́n rí bakitéríà’ sí méjèèjì ti ba ohun tí èdè náà ní jẹ́.

Àṣìṣe mìíràn tí ó yẹ kí àwọn atúmọ̀ èdè jáwọ́ nínú rẹ̀ ni ‘èsì rere’ fún èsì tí ó fi hàn pé bakitéríà wà. Ta ni yóò gbọ́ pé èsì òun jẹ́ rere tí kò ní í yọ̀? ‘Wọ́n bá a’ àti ‘wọn kò bá a’ tó.

7. Àwọn ọ̀rọ̀ ìtọ́jú

Ìtọ́jú tí àwọn oníṣègùn ń tẹnu mọ́ jù lóde òní ni òògùn mẹ́rin papọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá: èyí tí ń dín ásíìdì kù, bí omeprazole, bismuth, tetracycline, àti metronidazole. Àwọn àkópọ̀ mìíràn wà, oníṣègùn ni yóò sì yàn. Tetracycline, fún àpẹẹrẹ, kò yẹ aboyún.

Ó yẹ kí ‘ìdẹ̀ra’ àti ‘ìmúkúrò’ yàtọ̀ sí ara wọn. Òògùn tí ń dín ásíìdì kù ń mú ìdẹ̀ra wá láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìmúkúrò bakitéríà ni ìdí tí wọ́n fi kó òògùn mẹ́rin papọ̀. Gbólóhùn náà ‘ara mi ti yá’ kò sọ èwo nínú méjèèjì ni ó ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá òògùn dúró.

Bí òògùn kò bá ran bakitéríà mọ́, Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un: àrùn tí kò gbóògùn. Láti inú rẹ̀ ni ‘àìgbóògùn’ ti ṣeé ṣẹ̀dá. Ohun kan ni ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́: bakitéríà ni kò gbóògùn, kì í ṣe ara aláìsàn. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ‘ara mi kò gba òògùn yẹn mọ́’ yóò rò pé ọ̀rọ̀ òun nìkan ni, kò sì ní mọ̀ pé bakitéríà tí òun sọ di alágídí lè ràn mọ́ ọmọ òun. Ìwádìí ní Nàìjíríà ti fi hàn pé àìgbóògùn sí metronidazole pọ̀ gan-an. Òògùn tí àwọn ènìyàn ń rà fún ìgbẹ́ gbuuru lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni.

Iye ọjọ́ pàápàá lè di ìṣòro. Nínú ìṣirò ọjọ́ àtijọ́, Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn. ‘Ọrún’ jẹ́ ọjọ́ márùn-ún lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín ọjà kan àti èkejì rẹ̀. ‘Títí di ọjọ́ kẹrìnlá’ lè fi ọjọ́ kan sílẹ̀. ‘Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko’ kò ní iyèméjì.

Èyí tí ó le jù ni ‘ìgbẹ́ dúdú’. Bismuth máa ń sọ ahọ́n àti ìgbẹ́ di dúdú, kò sì léwu. Ṣùgbọ́n egbò tí ń ṣẹ̀jẹ̀ náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ìyẹn sì lè pa ènìyàn. ‘Dúdú’ nìkan kò tó. Ti ẹ̀jẹ̀ máa ń dán, ó máa ń lẹ̀ bí ọ̀dà, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìgbẹ́ ojoojúmọ́. ‘Ìgbẹ́ bí ọ̀dà’ ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé.

Àpẹẹrẹ àkọsílẹ̀ tí ó lè bá òògùn lọ sọ́wọ́ aláìsàn tí egbò rẹ̀ ti ọwọ́ bakitéríà wá nìyí:

‘Wọ́n bá bakitéríà nínú àpòlúkù yín. Òun ni ó fa egbò tí ń ta yín. Kì í ṣe ebi. Òògùn mẹ́rin ni ẹ ó lò fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, bí ara tilẹ̀ tù yín ní ọjọ́ kẹta. Ahọ́n àti ìgbẹ́ yín lè dúdú. Ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá dà bí ọ̀dà, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí bí ẹ bá bi ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá lo òògùn tán, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán kọjá, kí ẹ padà wá fẹ́ èémí sínú àpò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá bakitéríà náà ti kúrò. Ẹ má ṣe lo òògùn tí ń dín ásíìdì kù ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣáájú ọjọ́ náà.’

Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àyálò méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀, bakitéríà àti ásíìdì. Ìdí tí bakitéríà fi wà níbẹ̀ ti hàn lókè. Ní ti ásíìdì, ‘omi kíkan’ ni àwọn kan dá lábàá, ṣùgbọ́n omi ọsàn náà kan, aláìsàn yóò sì lọ máa sá fún ọsàn dípò kí ó dá òògùn dúró kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni àwọn atúmọ̀ èdè sábà máa ń gé kúrò nígbà tí àyè bá fún wọn nínú ìwé. Bí aláìsàn bá lo òògùn náà dé ọjọ́ tí ó fẹ́ èémí, bakitéríà lè dín kù dé ibi tí èsì yóò fi sọ pé wọn kò bá a, nígbà tí ó ṣì wà níbẹ̀.